Àlejò Ayé Mìíràn Lẹ́nu Iṣẹ́ Tuntun: Àyẹ̀wò Ìpolówó Kọfí BOSS ti Ilẹ̀ Japan

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ sí Marina tàbí Broad Street, tí ẹ sì ń ti Kẹtú tàbí Ìkòròdú wọ BRT lọ síbẹ̀ láràárọ̀, ìpolówó kan wà tó yẹ kí ẹ máa wò lójú ọ̀nà. Ìpolówó kọfí inú agolo ni, láti ilẹ̀ Japan. Ilé-iṣẹ́ Suntory ló ni kọfí náà, BOSS lorúkọ rẹ̀, Alien Jones sì ni àwọn ènìyàn ń pe ọ̀wọ́ ìpolówó náà. Láti 2006 ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀. A kò tíì rí ìpolówó mìíràn tó mọ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń rí lára ènìyàn tó èyí.

Tommy Lee Jones, òṣèré Amẹ́ríkà, ló ń ṣe ẹ̀dá tó ti ayé mìíràn wá. Wọ́n rán an wá wádìí bí ọmọ ènìyàn ṣe ń gbé, ó sì gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀. Kò jókòó wòran, iṣẹ́ ló ń gbà ṣe. Nínú ọ̀kan ó ń wa takisí, nínú òmíràn ó wà níbi ìkọ́lé, nínú òmíràn ó ń gbé páálí ẹrù lọ sójúlé oníbàárà. Ẹnu rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ là, ojú rẹ̀ sì dì bí ojú ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ohùn kan ló ń ka ìjábọ̀ rẹ̀ ní èdè Japan fún àwọn tó rán an, ìjábọ̀ náà sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Àwọn tó ń gbé pílánẹ́ẹ̀tì yìí…” Ẹ̀rín tún wà lábẹ́ ẹ̀rín: Jones yìí kan náà ló ṣe agbófinró tó ń ṣọ́ àwọn àjèjì òfurufú nínú Men in Black ní 1997.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Bí Jones ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó ń wo gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe, kò sì yé e. Agbára rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ fíìfíì, agbára náà a sì máa yọ jáde níbi tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà, ohun kékeré kan tí ènìyàn ṣe á wọ̀ ọ́ lára, ojú rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀, agolo kọfí á sì fara hàn. Gbólóhùn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìpolówó náà ni Kono rokudemonai, subarashiki sekai, èyí tí a lè pè ní “ayé játijàti yìí, ayé àgbàyanu yìí.” Gbólóhùn náà kò purọ́ fún òṣìṣẹ́. Kò sọ pé iṣẹ́ dùn, kò sì sọ pé kí ó fi í sílẹ̀.

Kí ló dé tí kọfí fi ń dúró dé ìparí? Láti 1992 tí BOSS ti jáde ni Suntory ti ń tà á bí ẹnìkejì ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ní Japan, ẹ̀rọ ìtajà wà káàkiri àdúgbò: ẹ sọ owó sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì, agolo á já sílẹ̀, tútù tàbí gbígbóná. Agolo tó wọ́pọ̀ kò ju gíráàmù 185 lọ, ìdúró ni wọ́n sì ń mu ún, láàárín iṣẹ́ kan sí èkejì. Ẹ fi wé Gàlá àti omi tútù nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tàbí tíì àti búrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ títì kí ọ́fíìsì tó ṣí. Oúnjẹ ẹni tí àkókò ń lé ni. Ẹni tó kọ ìpolówó yìí mọ wákàtí tí agolo ń wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́, ibẹ̀ ló sì gbé e sí. Ó tún bọ́ sí i pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Japan ń gba àwọn òṣìṣẹ́ tuntun wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹgbàágbèje ènìyàn ló ń di àlejò lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Wíwò rẹ̀ láti Èkó gba ọgbọ́n díẹ̀. Bí ẹ bá fi Gẹ̀ẹ́sì wá a lórí YouTube, fídíò àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìpolówó náà ló máa kún ojú ẹ̀rọ. Ẹ da 宇宙人ジョーンズ (“Alien Jones” ní èdè Japan) kọ kí ẹ sì fi CM kún un, nítorí CM ni àwọn ará Japan ń pe ìpolówó tẹlifíṣọ̀n. Ẹ mú èyí tó jẹ́ sẹ́kọ́ńdì 30, ẹ má mú ti 15. Sẹ́kọ́ńdì 15 ló wọ́pọ̀ jù lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti gé e kúrú, ohun tó fa àṣìṣe ló ń kọ́kọ́ lọ, ojú Jones àti agolo nìkan ló sì ń kù. Ní 360p, ọ̀kan kì í sábà ju MB 3 lọ. Àkójọ ogún ìṣẹ́jú lè súnmọ́ MB 100, nítorí náà ẹ gbà á sílẹ̀ lórí Wi-Fi ilé kí ẹ tó jáde.

Èdè ni wàhálà tó tóbi jù. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì CC tó ń gbé ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fídíò, ẹ lọ sí àmì jíà, kí ẹ yan ìtumọ̀ aládàáṣe sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ níbi tí orin bá ti bo ohùn, kì í sì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sójú àwòrán. Fún ìyẹn, ẹ dá fídíò dúró, kí ẹ fi kámẹ́rà Google Translate wò ó láti orí fóònù. Àléébù kejì ni pé fídíò máa ń pòórá: ilé-iṣẹ́ Japan sábà máa ń yọ ìpolówó kúrò nígbà tí àdéhùn òṣèré bá parí. Ohun tó kù á jẹ́ èyí tí àwọn ènìyàn gbé síbẹ̀ fúnra wọn, tí àwòrán rẹ̀ kì í mọ́ dáadáa. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ wò kò ṣe pàtàkì, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró.

Àwọn ìpolówó Japan míì wà tó ya èèyàn lẹ́nu jù ú lọ. Nínú ti SoftBank, ilé-iṣẹ́ fóònù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ajá funfun ni bàbá, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà ni ẹ̀gbọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń ṣàlàyé ohunkóhun. Ìṣirò ló wà nídìí rẹ̀: ètò ìpè White Plan ìgbà náà, yẹ́ẹ̀nì 980 lóṣù, àti ìpè ọ̀fẹ́ láàárín ẹbí. Long Long Man ti 2017, fún súìtì rọ́bà Sakeru Gummy, ní apá 11, ó sì yẹ kí ẹ wò ó tẹ̀léra. Ṣùgbọ́n méjèèjì kò kan ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ilé-iṣẹ́ ìpolówó ní Ìkẹjà bá ni ẹ ń wọ̀, ẹ mú aago àti ìwé. Ẹ kọ sẹ́kọ́ńdì tí a mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, èyí tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀, àti èyí tí agolo yọ. Ẹ ṣe é fún mẹ́wàá, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọjà di ìgbà tí a bá ti fẹ́ràn ẹni tó máa mu ún. Fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, ìjábọ̀ Jones ni kí ẹ yá lò. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kọ gbólóhùn kan: “Àwọn ará ọ́fíìsì yìí…” Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ń kí, fáìlì tí a kì í fọwọ́ kàn láìbéèrè, wákàtí tí ọ̀gá kò fẹ́ ìbéèrè. Ẹ má gbé agbára yín jáde ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni Jones ti máa ń ṣubú. Ìdí ni pé kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó ran wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ti takisí, torí ẹnikẹ́ni tó bá gun ọkọ̀ l'Ékòó á mọ ìpàdé ọlọ́kọ̀ àti èrò. Ẹ kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ máa wo ojú Jones nìkan. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí ohùn, kí ẹ tún un wò pẹ̀lú ìtumọ̀.