Ọmọ Ìlá tó ń tún ìwé ìwádìí ṣe ní Area 1, Garki: mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹ̀ka àwọn ọmọ tuntun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn nílé ìwòsàn kan níbí ní Àbújá, Kubwa sì ni ilé mi. Iṣẹ́ tí ọmọkùnrin kan ṣe fún mi ní Area 1, Garki, láàárín àwọn oníkọ̀ǹpútà, ni mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá ti kọ ìwé ìwádìí tán tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí jọ́nà ìṣègùn, ìwé tí àwọn dókítà fi ń tẹ ìwádìí síta, òun ni yóò bá yín tún Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ṣe, yóò to tábìlì, yóò sì bá yín wo àwọn fọ́ọ̀mù tó bá a rìn. Ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ ṣọ́ọ̀bù òun, torí òun nìkan ló ń dá a ṣe. Ẹ gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ bèèrè ọmọ Ìlá tó ń ṣe ìwé àwọn dókítà, wọ́n á júwe rẹ̀ fún yín.

Kí n tètè sọ ohun tí kò dùn mọ́ mi. ₦45,000 ló gbà lórí ojú ewé 18. Ó ní ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ keje ló tó pè mí. Kì í gbé fóònù láàárọ̀, WhatsApp ni kí ẹ fi bá a sọ̀rọ̀. Fáànù kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì kọjú sí. Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ti ọjọ́ mẹ́ta tó fi pẹ́ ni, torí ó bá ìsinmi mi jẹ́.

Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára, mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ìbéèrè kan tó bi mí ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Àwọn ìyá tó bá ti bímọ rí mọ jọ́ǹdíìsì, tí ojú àti ara ọmọ tuntun á pọ́n. Iná aláwọ̀ búlúù la fi ń tọ́jú rẹ̀. Ìtànṣán rẹ̀ ló ń yí ohun tó ń mú ara ọmọ pọ́n padà, kí ara lè rí i tú dànù. Bó bá pọ̀ jù tí a kò tètè mú un, ó lè wọ ọpọlọ ọmọ, ó sì lè ba etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Ẹ wá rò ó wò: agogo méjì òru, ọmọ wà lábẹ́ iná, NEPA mú iná lọ, ẹni tó yẹ kó tan jẹnẹrétọ̀ ti sùn lọ. Mo ti gbé ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ju ìgbà tí mo lè kà lọ.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe sólà ní Gwarinpa. Èmi ṣàlàyé, òun jó irin, a sì to gílóòbù LED kéékèèké sínú àpótí pẹlẹbẹ kan tó ń lo bátìrì. Nígbà tó yá, àbúrò mi ní ká lọ béèrè fún pátẹ́ǹtì, ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, kí ẹlòmíì má baà gbé e lọ. A kọ̀wé, orúkọ àwa méjèèjì ló wà níbẹ̀. Dókítà wa, ọ̀gá lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, rí àtùpà náà, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ká gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ìwádìí, ká dán an wò, ká sì kọ ọ́. Àwa márùn-ún la kọ ìwé náà. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Area 1.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbà á, ó ní, "Ẹ jókòó, Mà." Ó ṣí fọ́ọ̀mù mi. Fọ́ọ̀mù ICMJE ni, ti ẹgbẹ́ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé ní Vancouver lọ́dún 1978. Ibẹ̀ ni ẹni tó kọ ìwé ti ń sọ ohun tó lè jẹ́ èrè fún un nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìbéèrè 13 ló wà nínú rẹ̀: owó ìwádìí, owó ìmọ̀ràn, ìpín nínú iléeṣẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti kọ "kò sí" síwájú gbogbo rẹ̀.

"Mà, ta ló ṣe àtùpà yìí?"

"Èmi àti àbúrò mi."

"Ṣé pátẹ́ǹtì wà lórí rẹ̀?"

"Rárá o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ̀wé ni, wọn ò tíì dá wa lóhùn."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní ká jọ ka ìbéèrè kẹjọ. Ó fi ìka lé e lórí, ó ń tú u sí Yorùbá fún mi bí ẹni ń ka Bíbélì fún ìyá rẹ̀: pátẹ́ǹtì tí ẹ ń gbèrò, èyí tí wọ́n ti fún yín, èyí tó ṣì wà lójú ọ̀nà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń béèrè.

Inú bí mi díẹ̀. Mo ní kọ́bọ̀ kò tíì tibẹ̀ wọlé, kí ni mo fẹ́ kà sílẹ̀? Ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ní ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ìwé tí èèyàn fi béèrè pátẹ́ǹtì máa ń wà ní ìpamọ́ fún oṣù 18 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ síta. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, kò sí òǹkàwé tó lè wá a rí, bó ti wù kó mọ íntánẹ́ẹ̀tì tó. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà yẹn gan-an ni ìwé ìwádìí máa ń jáde, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ ìmọ̀ rẹ̀ síta lè pàdánù pátẹ́ǹtì, wọ́n á ní nǹkan ọ̀hún kì í ṣe tuntun mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníwádìí fi ń sáré béèrè kí wọ́n tó kọ̀wé. Ó wá ní, "Mà, èyí tó wà lójú ọ̀nà yìí, ẹnu yín nìkan la ti lè gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n má fi nǹkan pa mọ́ fún nọ́ọ̀sì, kódà àgbo tí ìyá ọkọ fún ọmọ mu.

Ó fi ọ̀ràn Andrew Wakefield hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Mo ti gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ apá ti pátẹ́ǹtì. Lọ́dún 1998 ló kọ̀wé sínú jọ́nà Lancet lórí ọmọ 12, tó mú kí ayé máa bẹ̀rù abẹ́rẹ́ MMR tó ń dènà èèyi, ṣegede àti rùbẹ́là. Kò sọ fún òǹkàwé pé orúkọ òun wà lórí ìwé tí wọ́n ti fi béèrè fún pátẹ́ǹtì lọ́dún 1997 lórí abẹ́rẹ́ èèyi mìíràn. Kò sì sọ owó tó ń gbà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tó fẹ́ pe àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ MMR lẹ́jọ́. Akọ̀ròyìn kan, Brian Deer, ló hú u jáde. Lọ́dún 2010 ni Lancet fa ìwé náà padà pátápátá, tí wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju pátẹ́ǹtì lọ, ṣùgbọ́n ká ní wọ́n ti rí ìyẹn kà ní 1998, ojú tí wọn ì bá fi wo ìwé náà á yàtọ̀.

Mo ti gbé àpótí àjẹsára kiri ní Zuba àti Gwagwalada. Mo mọ ohun tí ìfura ń fà lókè ọya níbí. Nígbà tí Kano dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní 2003, ó di 2004 kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló sì fara gbá a. Ìyá tó bá bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé "Ta ló ń jèrè níbẹ̀?" kò ṣe àìdáa. Ìbéèrè kẹjọ inú fọ́ọ̀mù yẹn, ohun tí ìyá yẹn ń béèrè náà ni.

Mo bi ọmọ Ìlá bóyá jọ́nà ò ní dá ìwé wa padà. Ó ní pátẹ́ǹtì kì í ṣe ìtìjú, ó sì tọ́ka sí Niprisan. NIPRD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí oògùn, tó wà ní Idu lọ́hùn-ún, ló ṣe é fún àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, láti inú ìmọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá. Ìyèré wà nínú rẹ̀, osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Wọ́n gba pátẹ́ǹtì lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1998, gbogbo wa la sì ń fi yangàn. Ó tún kìlọ̀ fún mi nípa òdìkejì: kí n má fi pátẹ́ǹtì ṣe ẹ̀rí pé àtùpà náà ń ṣiṣẹ́, torí lábẹ́ òfin Nàìjíríà ti 1970, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan jẹ́ tuntun lóòótọ́ kí wọ́n tó fún èèyàn. Ó ti fa ilà pupa sábẹ́ ibi tí mo ti kọ ọ́ bí ẹni ń polówó ọjà.

Ibi tó le jù lọ wà níwájú. Ó bi mí bóyá àwọn mẹ́rin tó kù mọ̀. Dókítà wa kò mọ̀. Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á mọ́; kò sẹ́ni tó bi mí ni. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló wà lókè ìwé náà. Mo wọ mọ́tò padà sí Kubwa lọ́jọ́ yẹn, mi ò rántí ibi tí a ti gba Berger kọjá.

Lọ́jọ́ kejì mo kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì dókítà wa. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un. Ó dákẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi eteetí kóòtù nù ún, ó tún un wọ̀. "Ìgbà wo lẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀?" Mo ní oṣù méjì ṣáájú ká tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. "Ta ló ń wo àbájáde ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ?" Mo ní àwọn ará láàbù ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo ń pinnu ìgbà tí ọmọ máa kúrò lábẹ́ iná. Ó mi orí. Ó ní ohun tí òun ì bá bèèrè ká ní ìwé ẹlòmíì lòun ń kà nìyẹn, nítorí náà ká kọ ọ́ síbẹ̀, kí a sì padà lọ sọ fún ìgbìmọ̀ tó fún wa láṣẹ. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní kí gbogbo wa tún fọ́ọ̀mù kọ, kálukú tirẹ̀.

Mo kó márààrún sínú nílọ́ọ̀nù, mo gbé e padà sí Area 1. Àwa méjèèjì la jọ wá gbólóhùn náà. Ohun tó wà nínú ìwé wa báyìí, bí mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá, nìyí: "Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ ìwé yìí, pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, ti béèrè fún pátẹ́ǹtì lórí àtùpà tí a dán wò. Wọn kò tíì fún wọn. Kò sí ẹni tó tíì sanwó fún wọn lórí rẹ̀. Òun ló ń pinnu ìgbà tí ọmọ ń kúrò lábẹ́ iná. Kò lọ́wọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀." Èmi fẹ́ yọ gbólóhùn tó sọ pé èmi ni mò ń pinnu ìgbà tí ọmọ ń kúrò lábẹ́ iná. Ọmọ Ìlá ní kò sí wàhálà, ìwé mi ni, ṣùgbọ́n ó dúró, kò tẹ nǹkan kan, títí mo fi ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Kò gba owó kún un. Mo fi ₦5,000 sílẹ̀, ó dá ₦3,000 padà fún mi.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì mú fọ́ọ̀mù gbogbo ẹni tó bá yín kọ̀wé dání. Bí ẹ bá kó tiyín nìkan lọ, á dá yín padà.