Kápúsù CLA: ohun tó wà nínú ìgò, ohun tó ń ṣe lára, àti ẹni tí kò yẹ kó fẹnu kàn án

CLA (conjugated linoleic acid) jẹ́ oríṣi ọ̀rá kan tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ dín ọ̀rá ara kù. Ẹ̀yìn ìgò ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Níwájú, “CLA 1000 mg” ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n gbogbo òróró tó wà nínú kápúsù kan ni 1000 yẹn. Ẹ̀yìn lẹ ti máa rí i pé CLA gan-an jẹ́ nǹkan bí ìdá 74 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rá mìíràn ló kún ìyókù. Kápúsù oní-80 yóò fún yín ní miligíráàmù 800. Gíráàmù 3.2 lóòjọ́ sì ni ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lára èèyàn, ìyẹn kápúsù mẹ́rin. Ìgò oníkápúsù 90 kò ní pé ọjọ́ 23. Ẹni tó bá ń lo ẹyọ kan lóòjọ́, kó má retí ohun tí àwọn ìwádìí yẹn rí.

Bí wọ́n bá kàn kọ “safflower oil” láìsọ iye CLA, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Linoleic, ọ̀rá tó wọ́pọ̀ nínú òróró ewéko, ló pọ̀ nínú òróró safflower (òdòdó kan tí wọ́n ń fún òróró lára irúgbìn rẹ̀), kì í ṣe CLA. Ilé-iṣẹ́ ló máa ń fi álíkálì àti ooru yí linoleic náà padà. Oríṣi méjì ló máa ń jáde, c9,t11 àti t10,c12, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níbí, torí iṣẹ́ àwọn méjèèjì kò jọra rárá.

c9,t11 ni ti inú wàrà àti ẹran. Kòkòrò àìfojúrí inú àwọn ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ, bíi Butyrivibrio fibrisolvens, máa ń sọ linoleic inú koríko di c9,t11, lẹ́yìn náà wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀rá mìíràn tó ń jẹ́ vaccenic. Ọmú màlúù á tún yí vaccenic padà sí c9,t11. Ara èèyàn pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún vaccenic tí a bá jẹ. Ìdí nìyí tí c9,t11 fi gba ìdá 75 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún CLA inú wàrà. Àmọ́ kò pọ̀: gíráàmù kan ọ̀rá wàrà sábà máa ń ní bíi miligíráàmù 5. Kéèyàn tó rí gíráàmù 3 nínú rẹ̀, yóò jẹ ọ̀rá gíráàmù 600. Ẹni tó bá ń fi ìròyìn rere nípa wàrà ta kápúsù fún yín, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pò pọ̀.

t10,c12 ló ń dín ọ̀rá kù. Ó máa ń dí lipoprotein lipase lọ́wọ́, ìyẹn ènsáìmù tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá lè gba ọ̀rá láti inú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dín agbára PPAR-gamma kù, èyí tó ń darí bí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ń dàgbà. Lára èkúté, ọ̀rá máa ń yọ́ kíákíá. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí kò ríbi dúró sí máa ń wọnú ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á wú, ínsúlíìnì ò sì ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ìpolówó kì í dé ìdajì kejì yìí.

Èèyàn kì í ṣe èkúté. Àkójọpọ̀ ìwádìí tó jáde lọ́dún 2007 rí i pé gíráàmù 3.2 lóòjọ́ ń dín ọ̀rá kù ní nǹkan bíi gíráàmù 90 lọ́sẹ̀ ju ti àwọn tó gba kápúsù tí kò ní CLA. Òmíràn lọ́dún 2012, tó wo ìwádìí olóṣù mẹ́fà sókè, rí ìyàtọ̀ kílò 0.7 péré nínú ìwọ̀n ara, àti kílò 1.33 nínú ọ̀rá. Lójú tèmi, èrè yẹn kéré sí wàhálà rẹ̀. Ẹni tó ń retí kí ṣòkòtò rẹ̀ ṣò lóṣù kan yóò já ara rẹ̀ kulẹ̀.

Wàhálà ọ̀hún wá ńkọ́? Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì tó ń gbéni ló wọ́pọ̀. Èyí tó ń kọ mí lóminú ni ti ṣúgà. Lọ́dún 2002, ní Sweden, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó sanra ní t10,c12 nìkan, gíráàmù 3.4 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, bí ara wọn ṣe ń gbọ́ràn sí ínsúlíìnì lẹ́nu sì burú sí i ní ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún. EFSA, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, yẹ Tonalin àti Clarinol, orúkọ ọjà CLA méjì, wò lọ́dún 2010. Wọ́n fara mọ́ CLA gíráàmù 3 sí 3.5 lóòjọ́ fún oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ sí i fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú, kó yẹra. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà, torí pé t10,c12 máa ń dín ọ̀rá wàrà màlúù kù.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lò ó, ẹyọ kan ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ tó dé mẹ́rin. Ẹ pín in sí méjì àárọ̀, méjì alẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá, kí oje òróòro lè jáde láti tú u. Ẹ má lò ó nígbà tí inú yín bá ṣófo. Ibẹ̀ ni inú rírun ti máa ń wá. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ tètè ń ba òróró yìí jẹ́, nítorí náà ẹ dé ìgò náà pinpin, kí ẹ gbé e síbi tó tutù. Ẹ gé kápúsù kan kí ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bí ọ̀dà tàbí òróró àtijọ́, ó ti bàjẹ́.

Òṣùwọ̀n kò lè sọ fún yín bóyá ó ń ṣiṣẹ́, torí omi ara nìkan máa ń yí ju gíráàmù 90 lọ láàárín ọjọ́ kan. Téèpù ìdíwọ̀n ìbàdí sàn jù ú lọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà láìtíì jẹun, HbA1c (àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta hàn) àti ti ẹ̀dọ̀. Ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 12. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti burú sí i, ẹ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì mú èsì náà tọ dókítà yín lọ.