Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá nídìí ìwádìí àjàrà: ohun tí mo rí nínú kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ta wáìnì kí n tó forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì yìí. Mo mọ èyí tó kan, mo mọ èyí tó dùn, mo sì mọ èyí tí oníbàárà máa padà wá rà. Àmọ́ bí ẹnì kan bá bi mí pé kí ló dé tí wáìnì oko kan náà fi kan ju ti èṣí lọ, ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìgò ni mo máa ń kà fún un. Ó ti sú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ kíláàsì ọlọ́sẹ̀ mẹ́wàá tó dá lórí ìwádìí nípa bí wọ́n ṣe ń gbin àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì: ìwé ìwádìí kan lọ́sẹ̀ kan, kà á, kó o wá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ jíròrò ẹ̀.

Mo parí ẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó dára. Ó ní àléébù tí mi ò ní fi pa mọ́, àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀ lónìí, màá bẹ̀rẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni olùkọ́ wa fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ẹ má ka àkótán ìwé kankan kẹ́ ẹ tó ka ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà. Igi mélòó ni wọ́n yẹ̀ wò? Ọdún mélòó ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò? Orí gbòǹgbò wo ni wọ́n lọ́ ọ sí? Ìbéèrè kẹta yẹn ló kọ́kọ́ là mí lójú. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní phylloxera ti Amẹ́ríkà dé Faransé ní nǹkan bí 1860 sí 1869, ó ń mu omi ara gbòǹgbò, àwọn oko àjàrà sì ń kú lọ rẹrẹ. Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n mú ẹ̀ka àjàrà Yúróòpù, wọ́n lọ́ ọ sórí gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò rí gbé ṣe. Títí di òní, igi méjì tí wọ́n so di ọ̀kan ló wà nínú oko àjàrà tó pọ̀ jù lọ. Torí náà, bí ìwé kan bá sọ pé oríṣi àjàrà báyìí ń fara da ọ̀dá, ṣé òun ló ń fara dà á ni, àbí gbòǹgbò abẹ́ ẹ̀? Gbogbo ọdún tí mo fi ń ta wáìnì, kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí, èmi náà ò sì bi ara mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n fi fídíò hàn wá nípa bí wọ́n ṣe ń mọ̀ bóyá òùngbẹ ń gbẹ igi àjàrà. Ọmọbìnrin kan wọ àárín ìlà igi, ó mú ewé kan tó wà níbi òjìji, ó fi báàgì onífádákà bò ó mọ́ ara igi, ó sì fi í sílẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan kí ewé náà má lè mí omi jáde mọ́. Nígbà tó di ọ̀sán gangan, ó fi abẹ fẹ́lẹ́ gé e nídìí, ó ki ewé bọ inú agolo irin tó nípọn, ó wá jẹ́ kí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ewé náà yọ síta láti inú rọ́bà tó wà lórí ìdérí. Ó ṣí gáàsì náítírójìn díẹ̀díẹ̀. Ó gbé awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú, ó ń wo ojú ibi tó gé. Gbẹ, gbẹ, gbẹ. Lójijì, ojú ibẹ̀ dúdú díẹ̀, ó tutù, ó ń dán. Ó ti gáàsì pa, ó ka géèjì: bar 11 (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì).

Olùkọ́ ní igi àjàrà ń fa omi láti ilẹ̀ bí ẹni ń fa okùn, bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ tó ni okùn ṣe ń le tó. Bí ìfàsẹ́yìn omi nínú ewé bá ṣe lágbára tó, bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì gbọ́dọ̀ lágbára tó kó tó lè tì í padà síta. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Scholander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló jẹ́ kí ayé mọ ọ̀nà yìí ní 1965, àwọn onímọ̀ sì ń lò ó di báyìí. Ìgbà mẹ́rin ni mo wo fídíò náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ka «ọ̀dá» nínú ìwé ìwádìí, géèjì yẹn ni mo máa ń rí.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà le, ó sì dùn. Ìwé tó jáde lọ́dún 2020 nínú PNAS, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, la kà, èyí tó sọ pé bí ayé bá fi ìwọ̀n 2 lórí Celsius gbóná sí i, ilẹ̀ tó yẹ fún àjàrà wáìnì láwọn àgbègbè tí wọ́n ti ń gbìn ín lè dín kù ní ìdá 56 nínú 100, àmọ́ bí àwọn àgbẹ̀ bá pààrọ̀ oríṣi tí wọ́n ń gbìn, àdánù náà lè má ju ìdá 24 lọ. Olùkọ́ ò jẹ́ ká kan gba nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ wọn. Oríṣi 11 péré ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn oríṣi tó wà láyé lé ní ẹgbẹ̀rún. Lẹ́yìn náà ló mú wa lọ sí oko ìwádìí VitAdapt nítòsí Bordeaux, àgbègbè wáìnì kan ní Faransé, níbi tí wọ́n ti gbin oríṣi 52 sójú kan ní 2009 kí wọ́n lè fojú ara wọn rí èyí tó máa lè fara da ooru. Ní 2021, Faransé fọwọ́ sí oríṣi mẹ́fà tuntun fún Bordeaux, ara wọn ni Touriga Nacional àti Alvarinho ti ilẹ̀ Pọ́túgàlì. Síbẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 oko àgbẹ̀ kan lọ, tàbí ìdá 10 nínú 100 ohun tó wọ inú wáìnì. Ó wú mi lórí gan-an láti rí bí nǹkan ṣe ń rìn láti orí ìwé dé oko, àti bó ṣe ń pẹ́ tó.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ ló já mi kulẹ̀. Ọ̀rọ̀ àbùdá àjàrà ni, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó gbádùn mọ́ni: ìwádìí 2023 tó yẹ igi àjàrà 3,525 wò, ti oko àti ti igbó, tó sì sọ pé ìgbà méjì ni wọ́n sọ àjàrà di ohun ọ̀gbìn, ní Ìwọ̀-Oòrùn Éṣíà àti ní Caucasus, ní nǹkan bí 11,000 ọdún sẹ́yìn. Olùkọ́ àlejò ni wọ́n pè, ohun tó kọ sójú ìran ló sì ń kà fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tá a máa fi ní ká béèrè ọ̀rọ̀, àkókò ti lọ.

Ohun méjì míì dùn mí. Méjì nínú àwọn ìwé tí wọ́n ní ká kà, owó lèèyàn gbọ́dọ̀ san kó tó lè ṣí i. Mo kọ̀wé sí wọn, ọ̀sẹ̀ náà sì ti parí kí wọ́n tó dáhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kàwé fúnra yín, ọ̀fẹ́ ni OENO One àti Vitis, ìwé àtìgbàdégbà méjì tó ń gbé ìwádìí nípa àjàrà jáde. Èkejì, wọ́n kọ ọ́ sínú ètò pé a máa kọ́ nípa àrùn tí ń jẹ igi àjàrà láti inú igi wá, wọ́n wá fò ó láìsọ nǹkan kan. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe sanwó. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ fún wa.

Bí ẹ ò bá mọ kẹ́mísírì, ẹ má bẹ̀rù. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ lè wo àwòrán ìṣirò láìsá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀. Èmi ò ní tó bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, ó sì hàn nínú iṣẹ́ mi.

Fún iṣẹ́ àṣekẹ́yìn, mo kọ ojú ewé kan nípa jíjá ewé tó yí ìdí ṣírí èso ká nígbà tí àjàrà bá ń tanná, kí èso inú ṣírí má bàa há mọ́ra jù débi tí á fi máa jẹrà. Mo gbà pé mo kọ ọ́ dáadáa. Olùkọ́ dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo létí ìwé: «Ọdún mélòó ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò?» Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀. Mo padà síbi tí wọ́n ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà, mo wá a jáde, mo sì tún gbogbo ẹ̀ kọ. Kíláàsì tó kàn dá lórí ilẹ̀ àti omi. Mo ti forúkọ sílẹ̀.