Mo lọ sí Kútọnu lẹ́ẹ̀mejì nítorí bọ́tìnì kan: kámẹ́rà DSLR àti kámẹ́rà súùmù lójú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Bọ́tìnì náà kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹ̀gbẹ́ lẹ́ńsì kámẹ́rà tuntun tí mo rà ní Kútọnu ló yẹ kó wà, lábẹ́ èkejì rẹ̀ tí wọ́n kọ AF àti MF sí. Mo yí lẹ́ńsì náà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo nu gíláàsì ojú mi, mo tún un wò. Kò sí. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni, ní Kétu ilẹ̀ Benin, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń wá a. Ọmọ mi dúró tì mí, ó ní, "Màmá, kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?" Mo ní owó Gàbọ́n ni.

Owó Gàbọ́n lóòótọ́. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Libreville ló fi 350,000 fráǹkì ránṣẹ́. Ìdílé wa fẹ́ gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde ní ìrántí ìyá wa, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kó ráyè wálé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ra kámẹ́rà gidi, ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ ya Ẹ̀fẹ̀ òru fún mi, ẹ ya Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán fún mi." Ẹ̀fẹ̀ ló máa ń jáde kọrin èébú lóru, kí àwọn Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó gbé igi gbígbẹ́ sórí jó lọ́sàn-án.

Mo ti ní kámẹ́rà kan tẹ́lẹ̀ o. Ọ̀kan nínú àwọn oní-súùmù gígùn tí lẹ́ńsì wọn kì í yọ ni, tó ń lo píìlì mẹ́rin bíi rédíò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn ewúrẹ́ mi: kò gbayì lójú àlejò, ṣùgbọ́n ó ń bímọ. Ọdún tó kọjá ni mo gbé e lọ síbi Ẹ̀fẹ̀ ìdílé kan, tí gbogbo ohun tí mo rí mú bọ̀ wálé jẹ́ òkùnkùn pẹ̀lú àbàwọ́n pupa, bí ìgbà tí èèyàn da epo sí aṣọ dúdú. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé DSLR, kámẹ́rà ńlá tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń yọ, ni màá rà lọ́tẹ̀ yìí. Canon EOS 2000D ni, èyí tó jáde ní ọdún 2018. Iye píkísẹ́lì rẹ̀ wà lára páálí, ẹ kà á níbẹ̀.

Kò jìnnà sí ọjà Tokpa ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn kò lè ju ọmọ 25 ọdún. Faransé ló fi kí mi, ó bọ́ sí Fọ̀n, ìgbà tó gbọ́ bí mo ṣe ń dá ara mi lóhùn ló yí padà sí Yorùbá, ó ní ọmọ Ìfọ̀nyìn lòun. Ẹnu rẹ̀ dùn. "Ẹ má ra èyí, Màmá. Ẹ ra oní-súùmù. Wò ó, ìlọ́po àádọ́ta lèyí ń fa nǹkan mọ́ra! Tiyín yẹn, mẹ́ta péré ló ń fà."

Kò parọ́. Lẹ́ńsì 18-55 tó máa ń bá 2000D wá (mìlímítà tí súùmù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí nìyẹn), mẹ́ta ló ń fà, torí pé 55 kó 18 ní ìgbà mẹ́ta. Ti inú ilé mi ń fa 40. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yìí ò sọ ni ohun tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì, ìyẹn sẹ́ńsọ̀, pátákó kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ tí ẹnì kan gbé ọpọ́n síta, tí ẹnì kejì gbé ife síta, wákàtí kan náà lòjò fi rọ̀ fún wọn, omi wọn ò lè dọ́gba. Sẹ́ńsọ̀ 2000D fẹ̀ tó mìlímítà 22.3 sí 14.9. Ti àwọn oní-súùmù kéékèèké bíi tèmi kò ju nǹkan bíi 6.2 sí 4.6 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ti ńlá gba ti kékeré bíi ìgbà méjìlá. Lọ́sàn-án, òjò pọ̀ fún ọpọ́n, ó pọ̀ fún ife. Lóru ni ife máa ń tini lójú.

Mo wá sọ fún un pé lẹ́ńsì tí wọ́n kọ IS sí ni mo fẹ́, èyí tó ní ohun tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbígbọ̀n ba àwòrán jẹ́. Oríṣi 18-55 méjì ni Canon fi bá kámẹ́rà yìí tà. Ọ̀kan ní IS, bọ́tìnì STABILIZER sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èkejì, tí wọ́n kọ III sí, kò ní. Ó kó méjèèjì síta lórí káńtà. Mo gbé ọ̀kan, mo gbé èkejì. Mo ní èyí ni. Ó ní kò burú. Páálí tó kọ IS ló fà lé mi lọ́wọ́, mo ka 310,000 fún un, mo wọ ọkọ̀.

Ẹ ti gbọ́ ti alẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù: bọ́tìnì STABILIZER kò sí. Mo pe ọmọkùnrin tó tà á fún mi. Ó ní, "Màmá, objectif ni objectif, lẹ́ńsì ni lẹ́ńsì." Mo tún pè, ó ní bátìrì òun fẹ́ kú. Mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin kan gbé e, ó ní kí n gbé ohun tí mo rà wá, kí n má gbàgbé ìwé rẹ̀, ó sì gé e kí n tó sọ pé Kétu ni mo ti ń pè.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa. Láti Kétu lọ sí Pọ́bẹ̀, Sàkété, Àjàṣẹ́, títí dé Kútọnu, páálí yẹn wà lórí itan mi bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ sílẹ̀ kí n tó dé Sàkété, mo tún un tò ní Àjàṣẹ́, mo fi èébú méjì kún un. Orí zémidjan, ọ̀kadà tiwa, tó gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni mo ti yọ èébú kan kúrò, torí àgbà ni mí.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù jókòó lẹ́yìn káńtà, ó ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ. Ẹgbẹ́ mi ni. Mo kí i, ó kí mi, ó nawọ́ gba ìwé. Ohun tí ọmọ yẹn kọ sí i ni "1 appareil photo", ìyẹn kámẹ́rà kan, pẹ̀lú iye owó. Kò kọ IS, kò kọ III, kò kọ ohunkóhun. Ọmọ Ìfọ̀nyìn wá sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ó rọra sọ ọ́, ó fi ọ̀wọ̀ sí i, ìyẹn ló tún dùn mí jù: "Ilé ni Màmá ti ṣí páálí. Àwa ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà."

Ẹ gbọ́ o. Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi ni ó ń sọ pé mo pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú takisí. Mo bá a wí. Mo bá a wí lédè mẹ́ta, àwọn tó ń ra ṣájà dá ọ̀rọ̀ tiwọn dúró wọ́n ń wò mí. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kò gbè mí, kò gbè é. Ó jẹ àkàrà rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Gbé páálí kejì sọ̀kalẹ̀." Páálí kejì ni èyí tó kọ III. Ó ṣí i níṣojú gbogbo wa. Lẹ́ńsì tó wà nínú rẹ̀ ní bọ́tìnì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ò kọjá pé nígbà tí a kó méjèèjì síta, ẹni tó dá wọn padà sínú páálí gbé tìyá fún ọmọ. Ọmọ yẹn ló dá wọn padà. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo gbé méjèèjì mọ́wọ́ tí mo gbé wọn kalẹ̀ níbi tó wù mí. Ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo tò ní Sàkété.

Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù ò sọ pé ẹ má bínú, ọmọ yẹn nìkan ló dọ̀bálẹ̀. Ìyá yẹn fún mi ní 2,000 fún owó ọkọ̀, kò tó, ó sì mọ̀ pé kò tó. Bí mo ṣe ń dìde ló bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi yà. Mo ní Ẹ̀fẹ̀ ni, lóru. Ó wo kámẹ́rà, ó wò mí, ó na ọwọ́ sí lẹ́ńsì kúkurú kan nínú àpótí gíláàsì: 50, f/1.8. "Tó bá jẹ́ òru ni, Ìyá, èyí lẹ máa lò. 85,000 ni. Ẹ san ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ san ìyókù díẹ̀díẹ̀." Lẹ́ńsì tí kì í súùmù rárá! Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Mo ní ó dàbọ̀.

Ó di òru Ẹ̀fẹ̀. Wọ́n tan gílóòbù mẹ́rin, gúrúpù, ìyẹn jẹnẹrétọ̀, ń ké lẹ́yìn ilé. Ìyáláṣẹ, olórí ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ti gbà mí láyè láti yà, ó ní òun ò fẹ́ rí fíláàṣì lójú ẹnikẹ́ni, mo sì ti pa ti kámẹ́rà mi. Ọ̀gànjọ́ kọjá kí Ẹ̀fẹ̀ tó yọ. Mo gbé ISO, ìyẹn bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń tètè gbọ́ ìmọ́lẹ̀, sí 3200, nígbà tó yá mo gbé e dé 6400, mo tẹ bọ́tìnì tí mo torí rẹ̀ ná owó ọkọ̀ sí ON, mo fa lẹ́ńsì dé 55, mo yà.

Àwọn ìyá àgbà tó jókòó sára ògiri mọ́ kedere. Ẹ lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Ìgànná ilé tó wà lẹ́yìn agbo mọ́. Ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀ dà bí èéfín. Mo tún yà, èéfín. Mo yà á ní ìgbà 30. Níbẹ̀, lórí ìdúró, pẹ̀lú orin èébú tó ń lọ (ẹni tí wọ́n ń bú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ), ni ọ̀rọ̀ ìyá oníṣọ́ọ̀bù yé mi. IS ń mú ọwọ́ mi dúró. Kò lè mú ẹsẹ̀ oníjó dúró. Ní 55, ẹnu lẹ́ńsì mi kò ṣí ju f/5.6 lọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ẹnu lẹ́ńsì ń fẹ̀ tó), mo sì ń ya àwòrán ní ìdá 15 ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́ńsì f/1.8 yẹn ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá: ìdá 15 ì bá di nǹkan bí ìdá 140, ẹsẹ̀ Ẹ̀fẹ̀ ì bá sì dúró nínú afẹ́fẹ́. Bí mo bá tiẹ̀ lo lẹ́ńsì III tí mo gbé dé Kútọnu bí ẹni gbé ẹjọ́, èéfín kan náà ni ǹ bá mú bọ̀.

Kì í ṣe pé mi ò rí nǹkan kan mú. Mo sún mọ́ agbo, mo dá lẹ́ńsì padà sí 18 níbi tí ẹnu rẹ̀ ti ṣí dé f/3.5, mo wá ń dúró de ìgbà tí Ẹ̀fẹ̀ bá dúró gbé orin. Mọ́kànlá dára. Méjì nínú wọn dára débi pé mo sunkún díẹ̀. Kámẹ́rà súùmù mi kò lè yà wọ́n láéláé.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú ganrínganrín. Àwọn èèyàn ti kún ojú agbo kí n tó dé, èrò mẹ́rin ló wà níwájú mi, àgbà sì ni mí, mi ò lè máa ti ọmọ ọlọ́mọ. DSLR fi gèlè hàn mí, ó fi fìlà hàn mí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ méjì ń jó lọ́ọ̀ọ́kán bí ìbejì, wọ́n kéré bí ọmọláńgidi. Mo gbé e kọ́rùn, mo yọ kámẹ́rà ewúrẹ́ mi nínú báàgì. Láti abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti fà á dé ojú igi gbígbẹ́ orí wọn: ọkùnrin lórí alùpùpù, ejò tó lọ́ mọ́ ẹranko, ọ̀dà tó ń ṣí létí. Ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Àbúrò mi ní Libreville rí i dé ibi tí ọ̀bẹ agbẹ́gilére gbà kọjá. Nígbà tí píìlì tán, mo rán ọmọ lọ sí ìsọ̀ tó wà létí ọ̀nà, ó ra mẹ́rin, kò pé ìṣẹ́jú méjì. Bátìrì DSLR ti kú láàárọ̀ nítorí fídíò tí mo fi yà lóru, iná Kétu ò sì tíì dé.

Gbogbo àwòrán náà ni mo fi ránṣẹ́, ó lé ní 400. Èyí tó wà lójú fóònù àbúrò mi báyìí ni ti àbúrò ìyá wa tó ń rẹ́rìn-ín ní òdìkejì agbo, tí kò mọ̀ pé mo ń ya òun. Súùmù ló yà á.

DSLR: 5 nínú 5. Kámẹ́rà súùmù: 3 nínú 5, torí òru. Ṣọ́ọ̀bù náà: 4 nínú 5. Mo ti san 20,000 fún ìyá oníṣọ́ọ̀bù lórí lẹ́ńsì 50 yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ ọ́ sínú ìwé dáadáa.