Ọkọ̀ háyà tó gbé wa lọ wo ère Èsìé, àti ₦12,000 tí wọ́n yọ nítorí èébì ọmọ ọdún mẹ́rin

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ₦3,000 wọlé sínú àkáǹtì mi láti ọ̀dọ̀ àwọn tí mo háyà bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn. ₦15,000 ni wọ́n gbà dání lọ́wọ́ mi, tí wọ́n ní àwọn máa dá a padà pérépéré bí ọkọ̀ bá ti délé láìfarapa. Ọkọ̀ délé, kò fara pa. Wọ́n wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé ₦12,000 tó kù jẹ́ owó ìfọkọ̀, torí pé Kẹ́hìndé bì sórí àga. Àga tí èmi àti dírẹ́bà wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọ̀ lẹ́bàá títì, tí a fi omi inú kẹ́ẹ̀gì ọkùnrin náà fọ̀, tí a nù, tí a sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún títí ó fi gbẹ! Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa, ṣùgbọ́n gbogbo òbí tó bá fẹ́ háyà ọkọ̀ ní Ìlọrin láti kó ọmọ jáde, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọ̀wàrà la lọ, ọjọ́ òmìnira, tí iléèwé wà ní títì. Ẹni tó bá ń tọ́ ọmọ kéékèèké nílùú yìí mọ̀ pé àkókò yẹn kì í pẹ́ lọ. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, koríko ṣì tutù yọ̀yọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń ta ẹ̀pà tútù bíbọ̀ káàkiri, ọyẹ́ ò sì tíì dé débi tí ètè ọmọ máa là, tí ikọ́ máa gba gbogbo ilé kan. Tí a bá jẹ́ kó kọjá, ó di ẹ̀yìn ọyẹ́, ooru á sì ti dé nígbà yẹn. Mo ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ láti ìgbà ìsinmi gígùn pé a máa lọ sí Èsìé lọ wo àwọn èèyàn òkúta. Ọmọ mi àgbà, ọmọ ọdún méje, ti kà nípa wọn níléèwé, ó sì ti sọ ọ́ fún àwọn ìbejì débi pé Táíwò ń bi mí lálaalẹ́ bóyá wọ́n máa ń sùn.

Àwa mẹ́jọ ni: èmi, ìyá ọkọ mi, àbúrò mi obìnrin, àwọn ọmọ mi mẹ́ta àti ọmọ tirẹ̀ méjì. Bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá la gbà, ₦80,000 pẹ̀lú epo, láìka ₦15,000 tí wọ́n mú dání. Lórí fóònù ni mo bá ọmọbìnrin ọ́fíìsì wọn sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù, ó ń pè mí ní Àǹtí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo béèrè ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni mò ń kó, èyí tó dàgbà jù ò ju ọdún mẹ́sàn-án lọ, mi ò sì lè fi wọ́n lé títì Àjàsẹ́ lọ́wọ́ lásán. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáhùn pé, "Gbogbo àga ló ní bẹ́líìtì, Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀." Ó fi fọ́tò ọkọ̀ ránṣẹ́: funfun, kọ́tìnnì wà ní fèrèsé, àga rẹ̀ ń dán.

Aago méje àbọ̀ la jọ fi sí. Láti aago mẹ́fà ni Táíwò ti gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Aago mẹ́jọ, mo pè. "Ó ti kúrò níbí, Àǹtí mi." Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo tún pè. "Ó ti dé Gárèjì Ọ̀fà." Tánkẹ̀ là ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí kò síṣẹ́, kí ló fẹ́ dá ọkọ̀ dúró láàárín Gárèjì Ọ̀fà sí Tánkẹ̀? Aago mẹ́sàn-án, mo pè, wọn ò gbé e. Mo tún pè, wọn ò gbé e. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ti lé lórí aago mẹ́sàn-án kí bọ́ọ̀sì tó yọ. Kì í ṣe ti inú fọ́tò. Eléyìí ti gbó, kò ní kọ́tìnnì, atẹ́gùn gbígbóná ni éèsì rẹ̀ ń fẹ́, bẹ́líìtì mẹ́ta péré ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Mo fi ọwọ́ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan lójú dírẹ́bà. Ohùn mi ti lọ sókè. Àgbàlagbà ni ọkùnrin náà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, ó dúró, ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Èmi kọ́ ni mo bá yín ṣàdéhùn, àmọ́ èmi ni mo dé." Lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé dírẹ́bà tí wọ́n yàn fún wa ò wá síbi iṣẹ́, pé ó ti lé díẹ̀ ní aago mẹ́jọ àbọ̀ kí wọ́n tó pe òun nílé òun lọ́nà Ọjà-Ọba. Ìyẹn ni pé nígbà tí ọmọbìnrin yẹn ń sọ fún mi pé ọkọ̀ ti dé Gárèjì Ọ̀fà, wọn ò tíì rí ẹni tó máa wà á.

Mo fẹ́ sọ pé kó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Mo wo ojú àwọn ọmọ, mi ò lè sọ ọ́. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló to ìjókòó: ó kó àwọn mẹ́ta tó kéré jù sídìí bẹ́líìtì mẹ́ta tó dáa, ó dè wọ́n, ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Ó ní kí ọmọ mi àgbà àti ọmọ àbúrò mi bọ́ sí àárín èmi àti àbúrò mi lórí àga ẹ̀yìn wọn, kí á fi apá dì wọ́n mú. Ó ní, "Mi ò ní sáré. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sáré, kó kọjá." Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Láti Gáńmọ̀ títí dé Àjàsẹ́-Ìpo, ọkọ̀ ńláńlá ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, kò dá wọn lóhùn.

Àmọ́yọ̀ ni Kẹ́hìndé ti bì. Wàrà tí mo rà fún wọn ló ti jẹ jù, ooru inú ọkọ̀ sì ti mú un. Ó bì sórí àga, sára mi, sára bàtà àbúrò mi, ó sì bú sẹ́kún pẹ̀lú ìtìjú. Kí n tó rí nǹkan sọ, ọkùnrin náà ti gúnlẹ̀ síbi tí ọ̀nà fẹ̀. Ó gbé ọmọ náà sọ̀kalẹ̀, ó mú ọsàn kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ bó èèpo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó fún èèpo náà sí imú ọmọ. Ó ní, "Fà á símú, bàbá mi. Èmi náà máa ń bì nígbà tí mo wà ní kékeré." Ó jẹ́ kó fi ẹ̀yìn ti taya, ó ń fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ló gbé kẹ́ẹ̀gì àti àkísà sílẹ̀, mo kó ọṣẹ jáde, a fọ àga náà. Ìyá ọkọ mi fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, ó ní, "Rárá o, ìyá, ẹ jókòó sábẹ́ igi yẹn." Ibẹ̀ ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Èsìé ò jìnnà: ní Àjàsẹ́, tí ọ̀nà ti pín sí ti Ọ̀fà àti ti Òmù-Àrán, ti Òmù-Àrán la tẹ̀ lé dé Òrò, a yà. Músíọ́mù ibẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ọdún 1945 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ẹni tó mú wa káàkiri ní sùúrù àwọn tó fẹ́ràn ọmọdé. Ó ní ọdún 1933 ni òyìnbó kan tó ń jẹ́ Ramshaw, tó máa ń bẹ iléèwé ìjọ wò, ròyìn àwọn ère náà fún àwọn ará ìta, àmọ́ pé àwọn ará Èsìé ti mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ti ń ṣọdún wọn tipẹ́ kó tó dé. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún, òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, òmíràn ò ju ìka ọwọ́ àgbà méjì lọ ní gígùn, òmíràn ga tó Táíwò. Èyí tó pọ̀ jù jókòó sórí àpótí, wọ́n di irun tàbí wọ́n dé fìlà, ilà wà lójú wọn, ẹlòmíràn gbé àdá lé èjìká. Orí ọ̀pọ̀ ti kán. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà títí dòní pé àwọn báyìí ló gbẹ́ wọn. Ìtàn ìlú ni pé àlejò ni wọ́n, wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n sì di òkúta.

Bí Táíwò ṣe gbọ́ pé àlejò ni wọ́n, ó dọ̀bálẹ̀. Ó kí eléyìí, "Ẹ káàbọ̀ sà," ó sún síwájú, ó kí ìkejì. Kẹ́hìndé tó ti ń ṣàárẹ̀ láàárọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń mú wa káàkiri ò dá wọn dúró, ó kàn ń rọra tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi kí gbogbo ìlà àkọ́kọ́ tán. Ọmọ mi àgbà wá bi mí, "Mọ́mì, kí ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi di òkúta? Àbí wọn ò rẹ́ni kí wọn káàbọ̀ ni?" Mi ò rí èsì fún un títí di ìsinsìnyí. Ìyá ọkọ mi, tó jẹ́ Alhaja tí kì í fi ìrun ṣeré, ti ń ṣiyèméjì nílé bóyá kó bá wa lọ wo ère. Òun ló pẹ́ jù níwájú àwọn obìnrin tó di irun. Ó ní, "Irú irun tí ìyá mi máa ń di rèé."

Dírẹ́bà ní òun á dúró ti ọkọ̀. Mo béèrè bóyá ó ti wọlé rí. Ó ní òun ti gbé èrò wá sí Èsìé kọjá ohun tí òun lè kà, kò sẹ́ni tó pe òun wọlé rí. Mo sanwó tirẹ̀. Ó wọlé, ó ṣí fìlà, ó dúró síwájú ère kan tí ilà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní ojú bàbá òun àgbà ló rí yẹn.

Òjò dé lọ́sàn-án. Abẹ́ òrùlé la ti jẹ mọ́ínmọ́ín ewé àti dùndú tí mo gbé dání, òun náà jẹ nínú rẹ̀, ó ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ, wọ́n ń gbe orin. Ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ nígbà tí a padà wọ Ìlọrin, a dúró lọ́nà kó lè kírun Mágàríbì, gbogbo ọmọ ti sùn. Ó gbé Kẹ́hìndé wọlé fún mi.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ mi ì bá kúrú. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dá owó mi dúró kí ₦3,000 yẹn tó dé. Mo pe dírẹ́bà, inú ń bí mi, mo rò pé òun ló fẹjọ́ sùn. Ó ní wọ́n bi òun bí ọ̀nà ṣe rí, òun sọ òtítọ́: ọmọ kan bì, a sì ti fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ó fi ₦5,000 ránṣẹ́ sí mi látinú owó ara rẹ̀. Mo dá a padà lójú ẹsẹ̀, mo sì sunkún.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ sí ọ́fíìsì. Mo ní kí wọ́n fi rìsíìtì ibi tí wọ́n ti fọ ọkọ̀ hàn mí. Kò sí. Ọ̀gá wọn jáde, kò jókòó, kò ní kí n jókòó, ó ní bí nǹkan ṣe rí nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá kó ọmọ wọkọ̀. Mo bi í nípa bẹ́líìtì. Ó ní ọkọ̀ inú fọ́tò ti lọ síbòmíràn lọ́jọ́ náà. Mo bi í nípa wákàtí méjì tí a fi dúró. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin orí fóònù náà wà níbẹ̀, kò gbójú sókè títí mo fi kúrò. Ẹ̀yìn tí ọ̀gá wọlé ló sáré bá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ dákun, èmi kọ́. Ohun tí wọ́n bá ní kí n sọ ni mò ń sọ." Mo gbà á gbọ́, àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì padà. Ọmọ mi ni.

Pátákó kan wà lára ògiri wọn. Orúkọ àwọn dírẹ́bà ló wà níbẹ̀ àti ìràwọ̀ tí oníbàárà fún wọn, wọ́n sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tí tirẹ̀ bá wálẹ̀ ju mẹ́ta lọ kò ní rí iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn gbà mọ́. Ìràwọ̀ tí ẹ bá fún ilé iṣẹ́ yìí, orí dírẹ́bà ló ń bọ́ sí. Mo rí orúkọ ọkùnrin náà. Mẹ́ta géérégé ló ní.

Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n, kó lọ fojú ara rẹ̀ rí ọkọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kó fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan wò, kó sì kọ àdéhùn owó tí wọ́n bá mú dání sílẹ̀ pẹ̀lú ìfọwọ́sí. Kó béèrè fún dírẹ́bà àgbàlagbà tó ní irùngbọ̀n funfun.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún ni mo tẹ̀. ₦12,000 mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, mo sì ń padà lọ lọ́jọ́bọ̀.