Búùtù òkìrìkà tí mo rà l'Ógùnpa torí ọdẹ elk: ẹ gbọ́ bó ṣe ṣe mí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní tí mo bá ti fi búùtù yẹn rìn dáadáa n óò wá sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, ó ti pé oṣù méjì báyìí, ẹnu mi ti gbà á. Fún ẹni tí ò mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, àbúrò mi kan wà ní Denver l'Amẹ́ríkà, òun ló ní kí n wá bá òun dọdẹ elk, ẹran ńlá kan tó jọ àgbọ̀nrín, lóṣù kẹwàá tó ń bọ̀ lórí àwọn òkè Colorado, èmi tí mi ò pa ju ọ̀yà àti ẹtù lọ rí lóko bàbá mi lọ́nà Ìjàyè, tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé ní Mọ́kọ́lá ni òkè tó ga jù tí mò ń gùn láàárọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni ní ká jọ lọ jẹ àmàlà, èmi náà sì yáa ní ó dáa.

Ẹ má rò pé àgbọ̀nrín lásán ni elk o. Akọ rẹ̀ á wọ̀n tó 300 kílò, òmíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìwo orí rẹ̀ pẹ̀ka bí igi, ọdọọdún ló sì ń já bọ́ tí òmíràn á tún hù. Tí wọ́n bá pa á tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí kò sí ọ̀kadà tó máa gba àárín àpáta yẹn kọjá, ẹ̀yìn ara ẹni ni. Wọ́n á kun ún, wọ́n á yọ egungun, ẹnì kan á máa gbé 25 sí 35 kílò lẹ́ẹ̀kan, á lọ, á bọ̀, tó bá jẹ́ ìwọ nìkan ó lè tó ìrìn mẹ́rin márùn-ún kó tó parí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àbúrò mi pè mí, kò dárúkọ ìbọn rárá. "Bọ̀ọ̀dá mi, bàtà ńkọ́?" ni nǹkan àkọ́kọ́ tó bi mí. Mo ní mo ní bàtà. Ó ní irú èwo? Mo bá dákẹ́.

Kí ló dé tí mi ò dúró kí n lọ rà á lọ́hùn-ún? Ọ̀tọ̀ ni owó, 200 sí 400 dọ́là ni búùtù òkè tó dáa níbẹ̀, ẹ fi náírà ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ṣùgbọ́n owó gan-an kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Búùtù tuntun ò mọ ẹsẹ̀ èèyàn, ẹni tó bá gbé e gòkè lọ́jọ́ tó rà á, ọjọ́ kejì inú tẹ́ǹtì ló máa jókòó sí tí á máa tọ́jú ìléròrò nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń tọpa ẹran. Ó gbọ́dọ̀ ti bá ẹsẹ̀ ẹ gbé fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìbàdàn nìkan ni mo ti ráyè ṣe ìyẹn, mo bá kọrí sí Ògùnpa.

Ìyá tó tà á fún mi ń pàtẹ òkìrìkà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọjọ́ tí wọ́n tú ìdì ọjà tuntun ni mo débẹ̀. Búùtù aláwọ máàlúù, aláwọ̀ ilẹ̀, ó ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n kọ Jámánì sí abẹ́ ahọ́n ẹ̀. Wọ́n pè é ní 45,000. Mo ní ẹ̀yin ìyá yìí ẹ fẹ́ pa mí, wọ́n ní "Oníbàárà mi, ẹ wò ó, ẹsẹ̀ òyìnbó tó wọ̀ ọ́ gan-an ò tíì rìn dénú," àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, mo san 28,000. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn, pé ẹni tó ni ín ò wọ̀ ọ́ púpọ̀, ẹ fi sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ohun tó dáa lára ẹ̀ kọ́kọ́ pọ̀. Sóòlù ẹ̀ le, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kò ní ká bíi sinikásì, èyí ṣe pàtàkì torí pé téèyàn bá fẹ̀gbẹ́ rìn lórí òkè tó dagun, sóòlù rírọ̀ á máa yí ẹsẹ̀ sódì. Ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú gírígírí. Mo gbé e fún alápatà ìsàlẹ̀ ilé wa kó bá mi wọ̀n ọ́n, kílò kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, kò wúwo jù.

Mo wá dá a wò nínú omi. Mo bomi sínú bàsíà ńlá, mo wọ ìbọ̀sẹ̀, mo wọ búùtù, mo dúró sínú omi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyàwó mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnì kò sì bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ń mi orí. Ti ọ̀tún gbẹ táútáú. Ti òsì, omi wọlé níbi ìránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín. Lọ́hùn-ún òjò dídì lè ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá, omi nínú bàtà pẹ̀lú òtútù yẹn kì í ṣe eré rárá, ìka ẹsẹ̀ ló ń gbà. Ìda oyin ni mo fi kì í. Mo yọ́ ọ díẹ̀ lórí iná, mo fi àkísà pa á sójú ìránṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo padà sínú bàsíà, kò jò mọ́.

Ìrìn ló kàn. Mi ò ní òkè Colorado níbí, àmọ́ Ìbàdàn náà kì í ṣe pẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣáà. Mo ń gbéra láti ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ lọ sí Òkè Ààrẹ láago mẹ́fà ìdájí, mo dé ilé gogoro Bower, èyí tá à ń pè ní Láyípo, tí wọ́n kọ́ ní 1936. Àtẹ̀gùn tó lọ́ bí ìgbín ló wà nínú ẹ̀, 47 ni. Mo di ìrẹsì 25 kílò sínú báàgì ẹ̀yìn, mo ń gùn ún lọ mo ń sọ̀ ọ́ bọ̀ nígbà mẹ́wàá. Báàgì ń ha ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ọkùnrin kan tó jókòó nísàlẹ̀ wò mí títí lọ́jọ́ kẹta, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ jẹ ní gbèsè?" Mi ò lè dá a lóhùn, èémí ò sí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan tẹ́nì kankan ò sọ fún mi, pé gígùn kọ́ ló ń ba ẹsẹ̀ jẹ́, sísọ̀kalẹ̀ ni. Téèyàn bá ń bọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, ìka ẹsẹ̀ á máa gbá iwájú bàtà, ọ̀sẹ̀ kejì èékánná àtàǹpàkò mi méjèèjì dúdú bíi kóró iṣin. Bàtà tó bá fún yín rẹ́gí ní ṣọ́ọ̀bù ti kéré jù nìyẹn. Ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú pátápátá kẹ́ ẹ tó di okùn ẹ̀, ìka ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ lè wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀, kẹ́ ẹ sì ti wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn nígbà tẹ́ ẹ bá ń dán an wò, èmi ẹsẹ̀ lásán ni mo fi dán an wò, ẹ ò rí i bí mo ṣe gbọ́n. Mo wá ń ta kókó okùn síbi ọrùn ẹsẹ̀ kí n tó dè é lọ sókè, ìyẹn ń fa gìgísẹ̀ sẹ́yìn, ó dín in kù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ààrẹ, mo kàn gbọ́ pà! Mo wolẹ̀, sóòlù ọ̀tún ti yanu bí ọ̀nì. Mo kọ́kọ́ rò pé gọ́ọ̀mù ló tú. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan fóòmù tó wà láàárín sóòlù àti awọ, ó ń wó lọ́wọ́ mi bíi búrẹ́dì ọjọ́ kẹrin. Kí n tó délé ti òsì náà ti ṣí. Mo gbé bàtà méjèèjì sọ́wọ́, mo fẹsẹ̀ lásán rìn la Bẹẹrẹ kọjá pẹ̀lú ìrẹsì lẹ́yìn, àwọn tó mọ̀ mí ń kí mi pé ẹ kú ọjà.

Bọ̀ọ̀dá aránbàtà tó wà lábẹ́ agboòrùn létí títì ló là mí lóye. Ó fi èékánná ha fóòmù yẹn, ó ní èyí ti kú kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo délé mo wádìí ẹ̀, òótọ́ ló sọ. Polyurethane ni wọ́n fi ń ṣe fóòmù irú àwọn búùtù yẹn, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bàtà tí wọn ò wọ̀ tí wọ́n kàn tọ́jú pamọ́ gan-an ló tètè máa ń ṣe é. Ẹ wá rántí ohun tí ìyá oníbàtà sọ. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ san 28,000, pé kò gbó, òun gan-an ni àrùn tó ń ṣe é! Torí náà tẹ́ ẹ bá ń ra irú ẹ̀, ẹ fi èékánná tẹ fóòmù àárín yẹn. Tó bá ń rún lọ́wọ́ yín tàbí tó ní ìlà wẹ́wẹ́ lára bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀, bó ti wù kí awọ ẹ̀ dán tó.

Mo padà lọ bá ìyá wa l'Ógùnpa pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n ní òkìrìkà kì í ní gàràǹtí ṣá o, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà. Àmọ́ wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tú inú àpò kan, wọ́n fún mi ní ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn méjì, ọ̀fẹ́. Wọn ò mọ̀ pé ohun tí àbúrò mi ti ń lọgun ẹ̀ láti ọjọ́ yìí ni, torí ìbọ̀sẹ̀ òwú tó bá ti mu òógùn kì í gbẹ lókè yẹn, ti irun àgùntàn máa ń mú ẹsẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó tiẹ̀ tutù. Ìbínú mi lọ sílẹ̀ ní ìdajì.

Aránbàtà ya fóòmù yẹn dànù pátápátá, ó fi rọ́bà tó nípọn dípò, ó fi sóòlù eléyín gbọọrọ láti ara búùtù mìíràn sábẹ́ ẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́, ó tún rán an yíká. 9,500, ọjọ́ mẹ́ta. Bàtà wúwo sí i, mo mọ̀ ọ́n lára nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n mo ti fi gun Láyípo láìmọye ìgbà látìgbà yẹn, kò mì.

Bàbá mi ò tiẹ̀ rí ti bàtà rò. Aṣọ ló ń bí wọn nínú. Òfin Colorado ní ọdẹ oníbọn gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ọsàn tó ń tàn tàbí aláwọ̀ píńkì, ó kéré tán 500 íǹṣì onígun mẹ́rin lókè ìbàdí, pẹ̀lú fìlà. Wọ́n ní "Ọdẹ ni àbí òṣìṣẹ́ ojú títì?" Mo ṣàlàyé pé ẹran yẹn ò rí àwọ̀ ọsàn bí àwa ṣe ń rí i, ọdẹ ẹgbẹ́ ẹni ló yẹ kó rí i. Wọ́n ní ó dáa. Mo tún sọ fún wọn pé ẹni tí wọ́n bí láti 1949 wá sókè gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí kọ́ọ̀sì ọdẹ kí wọ́n tó ta láísẹ́ǹsì fún un, ìnáwó láísẹ́ǹsì ọ̀hún sì lé ní 700 dọ́là fún àlejò, àlejò tó lọ pẹ̀lú fíísà bíi tèmi ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn bí ò bá ní láísẹ́ǹsì yẹn. 1946 ni wọ́n bí bàbá mi. Wọ́n fọwọ́ luyà, wọ́n ní òyìnbó mọ àgbà ọdẹ.

Nǹkan kan wà tí búùtù kankan ò lè ṣe. Ibi tá à ń lọ ga tó 3,000 mítà, èémí tó wà níbẹ̀ ò ju nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá èyí tá à ń mí níbí lọ, kò sì sí bí mo ṣe lè gbára dì fún ìyẹn ní Òkè Ààrẹ. Àbúrò mi ní kí n dé ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán ṣáájú, kí n máa mu omi, kí n máa sinmi. Ìdájí la sì máa gbéra, torí afẹ́fẹ́ òkè máa ń ṣàn wálẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, oòrùn bá ti mú á máa gòkè, ó á sì gbé òórùn wa lọ bá ẹran. Eérú tí bàbá mi máa ń gbọ̀n sáfẹ́fẹ́ lóko láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, màá bù ú dání.

Tẹ́ ẹ bá ní kí n fún búùtù yìí ní máàkì, mẹ́ta nínú márùn-ún. Aránbàtà gba márùn-ún, ẹ wá a lọ ní Bẹẹrẹ. Ìyá Ògùnpa gba mẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀ ló sì gbé wọn débẹ̀. Àpapọ̀ owó tí mo ná lé e jẹ́ 37,500, mi ò ka ìda oyin mọ́ ọn.

Mo ti pinnu pé màá wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀ wọ bààlúù ni, torí àpò lè sọnù lọ́nà, bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ mi tán ò ní àpààrọ̀. Àbúrò mi ní kí n fọ ẹrẹ̀ abẹ́ ẹ̀ dáadáa, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà kì í fẹ́ rí ilẹ̀pẹ̀ lábẹ́ bàtà ẹni tó ti oko dé. Mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á láti àná. Ìyàwó mi ní tí mo bá fẹ́ wọ nǹkan yìí la pápákọ̀ òfurufú kọjá, kí n máa ṣíwájú lọ o, òun á máa bọ̀ lẹ́yìn.