Àgbéyẹ̀wò Assetto Corsa Competizione: títo ọkọ̀ GT3, àti mímọ ohun tó ń ṣe é

Ilé-iṣẹ́ Kunos Simulazioni ní Ítálì ló ṣe Assetto Corsa Competizione, géèmù ìdíje ọkọ̀ tí àwọn awakọ̀ rẹ̀ ń gé kúrú sí ACC. Ó jáde ní pípé lórí kọ̀ǹpútà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, àtúnṣe rẹ̀ sì ti pọ̀ látìgbà náà. Ọkọ̀ GT3 ni ọ̀pá ìdúró rẹ̀, ìyẹn ọkọ̀ ìdíje irú Porsche, Ferrari, Mercedes àti Audi tó ń sáré ní pápá Monza àti Spa. Fún ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń to ọkọ̀ ìdíje, mi ò tíì rí èyí tó dára tó o. Ohun tí ẹ bá yí lára ọkọ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹ ó sì rí i nínú aago. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kì í ṣàlàyé. Ó to nọ́ńbà bí àádọ́ta síwájú yín, ó sì dákẹ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn yóò ba ọkọ̀ tó dára jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé ọkọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe nígbà tó jẹ́ pé sítíárìn orí tábìlì ló ń dààmú wọn. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí ẹ bá ń lo Logitech G29 tàbí G923, ẹ fi ìwọ̀n ìyípo rẹ̀ sí dígírì 900 nínú G HUB, ètò Logitech lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fi Steer Lock sí 900 kan náà nínú ACC. Ẹ dán an wò: ẹ yí ọwọ́ yín dé ìdajì ìyípo kan, kí ẹ wo sítíárìn inú ọkọ̀ lójú ìbòjú. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Ìyípo ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Ti Porsche 991 II GT3 R jẹ́ 800, ti Ferrari 488 GT3 jẹ́ 480, ṣùgbọ́n ACC fúnra rẹ̀ mọ èyí. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ ó máa yí i bí ẹ bá ti ń pààrọ̀ ọkọ̀.

Lẹ́yìn náà ni agbára tó ń ti ọwọ́ padà, ìyẹn force feedback (FFB). Gain ni orúkọ rẹ̀ nínú ACC. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 70, kí ẹ wo ọ̀pá FFB kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì pẹ́dà lójú ìbòjú. Bí ọ̀pá náà bá kún gbọ́ngbọ́n jálẹ̀ kọ́nà gígùn bíi Parabolica ní Monza, agbára ti ju ohun tí mọ́tò sítíárìn lè gbé lọ, ọwọ́ yín kò sì ní gbọ́ ìgbà tí táyà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ dín in kù títí yóò fi jẹ́ pé orí kéébù, ìyẹn etí títì tó ga díẹ̀, nìkan ló ń kún. Minimum Force wà fún sítíárìn onírù G29 tí jíà ń yí, nítorí agbára kékeré kì í lè mì ín láti àárín. 5 sí 10 tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, sítíárìn á máa gbọ̀n lórí títì tó lọ tààrà. Ẹni tó ní direct drive, ìyẹn sítíárìn tí mọ́tò ń yí tààrà, kò nílò rẹ̀, kó fi sí 0. Dynamic Damping, ẹ fi í sílẹ̀ ní 100.

Bíréèkì G29 ní rọ́bà líle lábẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi máa ń tẹ díẹ̀ tí ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa bí a bá tẹ bíréèkì, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Brake Gamma ló ń wo èyí sàn. Ní 1, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ṣe ń gbà á; bí ẹ bá gbé e sí nǹkan bí 2, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ́dà á rọ̀, ẹ ó sì lè tú bíréèkì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń wọ kọ́nà. Pẹ́dà tó ń fi ìwọ̀n agbára ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ kò nílò rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gba èyí gbọ́: ìdajì àwọn tó ń ráhùn pé imú ọkọ̀ kì í wọ kọ́nà, bíréèkì ni wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń tú.

Ó wá kan ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kunos pèsè sètò méjì tó ti wà nílẹ̀ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí pápá tí kò lójò, Aggressive àti Safe. Lórí pápá tí ẹ kò tíì mọ̀, Safe ni kí ẹ mú. Ìdí ọkọ̀ á jókòó, ẹ ó sì lè kọ́ ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá ti ń sáré ìyípo pápá márùn-ún léraléra tí ìyàtọ̀ wọn kò ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ẹ bọ́ sí Aggressive. Ẹni tí àkókò rẹ̀ ṣì ń fò sókè sódò kò ní mọ̀ bóyá àtúnṣe ló ràn án lọ́wọ́ tàbí ọwọ́ rẹ̀.

Èyí tó wù kí ẹ mú, afẹ́fẹ́ táyà ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Láti àtúnṣe 1.9 ti ọdún 2023, táyà gbígbẹ ń fẹ́ 26 sí 27 psi nígbà tó bá ti gbóná. Ẹ ó ṣì bá ìmọ̀ràn 27.5 pàdé níbi púpọ̀. Ti àtijọ́ ni, ẹ má tẹ̀lé e. Táyà òjò ń fẹ́ nǹkan bí 30 sí 31. Nọ́ńbà inú gáréèjì kì í ṣe èyí, torí ti táyà tó tutù nìyẹn. Ẹ sáré ìyípo mẹ́rin, ẹ ka psi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ìbòjú ní òpin ìyípo kẹrin, kí ẹ sì fi ìyàtọ̀ rẹ̀ tún ti gáréèjì ṣe. Bí iwájú òsì bá dé 27.4, ẹ yọ 0.8 kúrò láti bọ́ sí 26.6. Ní Monza, ọwọ́ ọ̀tún ni kọ́nà tó gùn jù ń yà sí, nítorí náà táyà òsì ló ń ṣiṣẹ́ jù, òun ló sì ń gbóná jù. Ó yẹ kí ti òsì kéré ju ti ọ̀tún lọ nínú gáréèjì. Ní Laguna Seca, tó jẹ́ pé òsì ni wọ́n ń yà sí jù, ẹ yí i padà.

Ojú ọjọ́ náà ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ooru bá lọ sókè ní 1°C, afẹ́fẹ́ táyà máa ń lọ sókè ní nǹkan bí 0.1 psi. Sètò tí ẹ ṣe ní 20°C yóò ga ní 0.8 ní ìdíje tó bá wáyé ní 28°C, ẹ ó sì máa bú ọkọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ máa fi ooru ọjọ́ náà sínú orúkọ sètò nígbà tí ẹ bá ń fi pamọ́, bíi monza_22c. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù á yọ̀ lójijì, á sì gbóná ní àárín. Èyí tí kò ní tó á rọ̀, ọkọ̀ á sì máa fẹ̀gbẹ́ kó tó gbọ́ ti sítíárìn.

Ẹ má tíì ka afẹ́fẹ́ sí èyí tó parí títí ẹ ó fi yan bí ihò afẹ́fẹ́ bíréèkì ṣe máa ṣí, láti 0 tó dí pátápátá dé 6 tó ṣí gbayawu. Ooru bíréèkì ń wọ inú ríìmù, ríìmù ń gbóná táyà, afẹ́fẹ́ sì ń gòkè. Ẹni tó yí ihò náà lẹ́yìn tó ti to táyà tán ti tú iṣẹ́ ara rẹ̀ ká. Nípa pádì bíréèkì, 1 ni fún ìdíje kúkúrú tí kò lójò, 2 fún èyí tó gba wákàtí púpọ̀, 3 fún òjò. Pádì 4 ń jẹ kíákíá. Ẹ má gbé e lọ sí ìdíje tó gùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni mímọ àìsàn ọkọ̀. Àrùn méjì ló wà: kí imú kọ̀ láti wọlé, tàbí kí ìdí yọ̀. Ṣùgbọ́n oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣé kọ́nà tó lọ́ra ni àbí èyí tó yá? Ṣé nígbà tí ẹ ń wọlé ni, ní àárín, àbí nígbà tí ẹ ń tẹ iná jáde? Kọ́nà tó yá jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó lọ́ra jẹ́ ti sípíríǹgì, anti-roll bar (ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ jù) àti dífì (ẹ̀rọ tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì).

Bí ìdí bá ń yọ̀ bí ẹ ṣe ń tẹ bíréèkì wọ kọ́nà Variante del Rettifilo ní Monza, ẹ kọ́kọ́ gbé Brake Bias, ìyẹn bí bíréèkì ṣe pín láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, síwájú ní 0.5 sí 1 lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Bó bá ṣì ń yọ̀ nígbà tí ẹ ti tú bíréèkì ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì tẹ iná, ẹ fi 20 tàbí 30 Nm kún Preload dífì; táyà ẹ̀yìn méjèèjì á so pọ̀ dáadáa, ìdí á sì dúró. Ẹ mọ̀ pé imú á lọ́ra díẹ̀ láti wọlé, iye tí ẹ san nìyẹn. Bí ìdí bá dúró ní gbogbo ibi àfi nígbà tí ẹ bá tẹ iná jáde, ẹ rọ anti-roll bar ẹ̀yìn ní ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì kí ẹ tó gbé TC, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yí lásán, sókè. TC ń bo àrùn náà mọ́lẹ̀ ni, ó sì ń jẹ ìyára. Bí imú bá kọ̀ ní àárín kọ́nà tó lọ́ra, ẹ rọ anti-roll bar iwájú, tàbí kí ẹ dín Preload kù.

Ní kọ́nà tó yá, bíi Pouhon ní Spa, ẹ fi nǹkan wọ̀nyẹn sílẹ̀. Bí ìdí bá ń mì níbẹ̀, ẹ gbé ìyẹ́ ẹ̀yìn sókè ní ìgbésẹ̀ kan, tàbí kí ẹ sọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kalẹ̀ ní milimítà méjì. Bí ẹ̀yìn bá ṣe ga ju iwájú lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára afẹ́fẹ́ ṣe ń bọ́ síwájú tó. Imú á mú, ìdí á fúyẹ́.

Wàyí o, àrùn kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ọkọ̀ á máa lọ dáadáa, lójijì ní ìsàlẹ̀ Eau Rouge ní Spa, imú á ṣú lọ tààrà bí ẹni pé táyà ti bẹ́. Wọ́n á ní splitter, pátákó pẹlẹbẹ abẹ́ imú ọkọ̀, kò tó. Rárá. Ọkọ̀ ló kanlẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti rì, ìwúwo ọkọ̀ tẹ iwájú mọ́lẹ̀ títí splitter fi fọwọ́ kan títì, afẹ́fẹ́ kò ráyè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá mọ́, agbára iwájú sì lọ. Ẹ gbé iwájú sókè ní milimítà méjì sí mẹ́ta. Bí èyí bá ba kọ́nà yòókù jẹ́, ẹ dá a padà, kí ẹ wá lo bumpstop. Òun ni rọ́bà tó ń gba ṣọ́ọ̀kì dúró nígbà tó bá rì dé òpin. Bumpstop Range ni àyè tó wà kí ṣọ́ọ̀kì tó kàn án, Bumpstop Rate ni bí rọ́bà ṣe le tó. Ẹ dín Range iwájú kù kó lè tètè gba ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí Rate rẹ̀ má le jù. Rọ́bà líle tí ọkọ̀ kàn lójijì láàárín kọ́nà ń sọ táyà di òkúta, àrùn tí ẹ sì ń sá fún á tún gba ibòmíràn wọlé.

Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí lọ́wọ́ yín. Ohun kan péré ni mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ yí níbẹ̀: bí ọkọ̀ bá ń fò lórí kéébù, ẹ dín Fast Bump, ìyẹn bí ṣọ́ọ̀kì ṣe le tó nígbà tó bá yára rì, kù ní ìgbésẹ̀ méjì. Ìyókù lè dúró.

Epo rọrùn. Ìdíje ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní Monza, tí ìyípo yín jẹ́ 1:48, á gba ìyípo mẹ́tàdínlógún. Ẹ fi ọ̀kan kún un fún èyí tí a fi ń tò lẹ́sẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Bí ojú ìbòjú bá sọ pé lítà 3.2 lẹ ń jẹ ní ìyípo kan, 57.6 nìyẹn, ẹ rọ 60. Epo tó pọ̀ ju èyí lọ, ẹrù ni.

Ohun kan tí mo yìn Kunos fún ni MoTeC, ètò tó ń fi àkọsílẹ̀ bí ẹ ṣe wa ọkọ̀ hàn. Ní abala Electronics, ẹ fi iye ìyípo sí Telemetry Laps, ACC á sì kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fódà MoTeC tó wà nínú Documents. MoTeC i2 Pro ń ṣí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi ìlà bíréèkì àti ìlà ìyípo sítíárìn sórí ara wọn. Bí sítíárìn bá ń pọ̀ sí i tí ìyára kò yí padà, imú ti kọ̀; bí ọwọ́ bá sáré padà sí òdìkejì, ìdí ló yọ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ohun tí ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ máa yí ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi sètò tuntun pamọ́ lórúkọ tuntun, kí ẹ lè padà sí ti tẹ́lẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, fáìlì .json ni wọ́n, wọ́n wà nínú Documents, Assetto Corsa Competizione, Setups, lẹ́yìn náà ọkọ̀, lẹ́yìn náà pápá. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ lórí WhatsApp kó sì gbé e sínú fódà kan náà. Bí bọ́tìnì sítíárìn bá dàrú lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ gbé controls.json kúrò nínú fódà Config, ACC á ṣe tuntun, ẹ ó sì tún bọ́tìnì yàn. Àwọn tó ń lo PS5 tàbí Xbox kò ní àǹfààní fáìlì wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí MoTeC fún wọn. Ọwọ́ ni wọ́n á fi tẹ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìwé àti bírò kí wọ́n má jìnnà.